Èédú Orúnkún Máfimíṣẹ̀bi

Ojú òjòwú kì í rí ihò ìdí ọkọ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, bóyá ẹ̀yin náà tilẹ̀ ti fi bá ènìyàn wí rí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ gbé wọlẹ̀? Òwe kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run bí òjò. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lọ́jọ́ kan, níwájú àwọn ènìyàn kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í ṣe ohun tí ẹni náà fẹ́ kí ayé gbọ́ lẹ́nu òun. Èyí tí à ń wí yìí, èbúté Ìdí-Àgbọn ni wọ́n ti sọ ọ́, létí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ, nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi ṣì ń rákòrò lórí pátákó ilé, tí wọ́n ń fi okùn so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó kó má baà já sómi.

Ẹni tó sọ ọ́ ń jẹ́ Máfimíṣẹ̀bi. Kankọ̀kankọ̀ ni, ẹni tó ń fi pátákó igi ọ̀gànwó kan ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń ná ọjà lórí ọ̀sà là ń wí o. Ọkọ̀ òkun ni, èyí tí ọkùnrin márùn-ún ń wọ̀ lọ sójú agbami tí wọ́n á kẹ̀yìn sí ilé fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Ọgbọ̀n ọdún ni Máfimíṣẹ̀bi fi ṣe iṣẹ́ yìí tí kò sí ẹni tó tó o. Nígbà náà, oríṣi ọkọ̀ méjì péré ni wọ́n mọ̀ ní Ìdí-Àgbọn: ọkọ̀, àti ọkọ̀ Máfimíṣẹ̀bi.

Iṣẹ́ kejì tún wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ni Olùyẹ̀kọ̀ ìlú. Ní Ìdí-Àgbọn, bí ọkọ̀ bá rì tí ènìyàn bá a lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé òkun ló pa á títí Olùyẹ̀kọ̀ yóò fi wí tirẹ̀. Wọ́n á wá òkú ọkọ̀ náà kàn níbi tí ìgbì bá gbé e jù sí, wọ́n á kó iyanrìn inú rẹ̀ dànù, wọ́n á dojú rẹ̀ dé. Olùyẹ̀kọ̀ á wá rá wọ abẹ́ rẹ̀, á jókòó sínú òkùnkùn níbẹ̀, á máa wòkè. Ibi tí oòrùn bá ti yọjú sí i, ibẹ̀ ni omi gbà wọlé. Nígbà tó bá jáde ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ kankọ̀kankọ̀ ni kò dára, tàbí àwọn atukọ̀ ló ṣe é, tàbí òkun fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ kankọ̀kankọ̀ ni ẹ̀bi wà, wọ́n á sọ àáké rẹ̀ sínú òkun lójú gbogbo ìlú, kò sì gbọdọ̀ fi irin kan igi ọkọ̀ mọ́ títí yóò fi kú. Òfin náà le. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kò ṣe é torí àtifi ìyà jẹni. Wọ́n ṣe é kí omi má baà gba ojú ihò kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun gbogbo ń lọ bẹ́ẹ̀ títí Akíntìmẹ́yìn fi dé.

Láti apá odò lókè ni Akíntìmẹ́yìn ti wá, ó sì kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Máfimíṣẹ̀bi fún ọdún méje. Nígbà tó gbòmìnira, ó pa àgọ́ tirẹ̀ sí òdìkejì èbúté, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ti ibẹ̀ jáde sì jẹ́ ohun tí ojú kò rí rí. Imú rẹ̀ gbé sókè bí ìgbà tí ẹyẹ bá fẹ́ fò. Bí ìgbì bá dé, àwọn ọkọ̀ yòókù á fi orí kàn án, tirẹ̀ á gun orí rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í rékọjá iwájú àgọ́ Máfimíṣẹ̀bi, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n á sì kọjá lọ sí òdìkejì. Èyí tó wá já okùn ni ti Baálẹ̀. Baálẹ̀ fẹ́ ọkọ̀ tuntun, Akíntìmẹ́yìn ló ní kó kan án.

Owú wọ inú Máfimíṣẹ̀bi bí egungun ẹja tó há sí ọ̀fun. Kò pa á, kò sì jẹ́ kó gbé oúnjẹ mì. Bí ó bá ń lọ sọ́jà, ó máa ń gba ẹ̀yìn ilé lọ kó má baà gba iwájú àgọ́ ọmọkùnrin náà. Bí ó bá gbọ́ tí àáké ń dún lọ́hùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìró rẹ̀ láìmọ̀, bí tirẹ̀ kò bá dún tó bẹ́ẹ̀, á dìde á lọ wá igi là. Ìyàwó rẹ̀, Ayéwùnmí, ṣèèṣì sọ níjọ́ kan pé ọkọ̀ Baálẹ̀ dára lójú. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá náà kò fi bá a sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ọkọ tí í máa pe ìyàwó rẹ̀ ní ìwọ. Ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan tí èbúté ṣì dá, ó yọ́ lọ síbi ọkọ̀ Baálẹ̀ náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo ara rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń wá ibi kan tó rí págunpàgun, ibi kan ṣoṣo tí yóò lè dì mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan kan dì mú. Ó padà sílé, ó ní orí ń fọ́ òun.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni ọkọ̀ Ajímúdà rì.

Ajímúdà jẹ́ ọ̀gá apẹja, Akíntìmẹ́yìn ló sì kan ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn márùn-ún ló lọ, mẹ́ta ló fi pákó lúwẹ̀ẹ́ padà. Àwọn méjì tó bá omi lọ, ọ̀kan nínú wọn ni Ilésanmí, àbúrò Ajímúdà, àbígbẹ̀yìn ìyá wọn. Òkun kò ru lọ́jọ́ náà. Ajímúdà sọ ọ́ títí ohùn fi há a, pé àwọn kò forí sọ nǹkan kan, ìgbì kò ju ti ojoojúmọ́ lọ, àwọn ń yan ẹja lọ́wọ́ ni, omi kàn yọ sí àwọn lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìgbì gbé òkú ọkọ̀ náà jù sórí iyanrìn, ó dúró lórí ìdí rẹ̀, iyanrìn sì kún inú rẹ̀ dé ìdajì. Gbogbo ìlú dà sétí òkun. Wọ́n ránṣẹ́ pe Olùyẹ̀kọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ti ń wá ibi tó wọ́ lára rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, òun náà rèé tó fọ́ nílẹ̀, tí ìlú ní kó wá sọ ibi tó wọ́ fún àwọn. Máfimíṣẹ̀bi wọ inú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn láàárín ọkọ̀, ó rá lórí orúnkún rẹ̀ lọ síwájú, ojú ìpàdé àwọn pátákó ni ojú rẹ̀ sì ń bá lọ, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ kankọ̀kankọ̀ ti ń hàn. Irun ara àgbọn ni wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé bẹ́ẹ̀, wọ́n á há a mọ́ ọn títí yóò fi le bí egungun, wọ́n á wá fi ọ̀dà bò ó lórí. Nígbà tó dé iwájú ọkọ̀, ó rí ibi tí irun àgbọn ti yọ orí jáde. Ó fi ìka méjì fà á, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó gùn tó apá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní láti sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ó na irun àgbọn náà sókè. Ó ní ohun tó pa Ilésanmí nìyí.

Ariwo ẹkún sọ. Bàbá àgbàlagbà kan láàárín èrò béèrè pé ṣé wọn kò ní kó iyanrìn rẹ̀ kí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é.

"Ẹni tó ti di ejò lórí mú," ni Máfimíṣẹ̀bi wí, "ihò rẹ̀ ni yóò tún máa wá kiri?"

Akíntìmẹ́yìn ti dúró sẹ́yìn láti àárọ̀, nítorí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ kó dúró ti àwọn. Ó wá bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ lórí iyanrìn tútù.

"Ọ̀gá mi, ẹ dojú rẹ̀ dé. Ìgbì ti gbá a mọ́lẹ̀ láti àná, kò sí ọkọ̀ tí irun rẹ̀ kò ní yọ. Bí oòrùn bá yọjú níbi tí ẹ mú dání yẹn, èmi fúnra mi ni n ó sọ àáké mi sómi."

"Àyẹ̀wò ni o fẹ́ kọ́ mi? Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di àáké mú?"

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí Akíntìmẹ́yìn sọ nípa ìgbì, Máfimíṣẹ̀bi sì mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ńṣe ni ìmọ̀ náà dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò rẹ́ni ṣí i fún un. Ìyá Ilésanmí sì ń sunkún, ẹni tó ń sunkún ń fẹ́ kí wọ́n tètè fi nǹkan kan hàn án. Baálẹ̀ gba àáké lọ́wọ́ Akíntìmẹ́yìn, ó ní yóò wà nílé òun di ọjọ́ ọjà, ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí wọn yóò gbé e lọ fún òkun.

Máfimíṣẹ̀bi jẹ àwo oúnjẹ méjì lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Oríyọmí, ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sójú agbami. Ọkọ̀ tí Máfimíṣẹ̀bi kan fún un ló ń wọ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté láti sìn ín, ohun tí kò ṣe láti ọdún kan. Oríyọmí sọ fún un pé ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ ọkọ̀ òun nítorí ohun tó ṣe Ajímúdà.

"Ẹ̀rù kí ni? Ta ló kan tiyín? Ọkọ̀ tèmi kì í dá ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ lọ, ẹ pa ẹja wá."

Àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ara wọn balẹ̀. Wọ́n ń gbé ààrò wọn sínú ọkọ̀ nígbà náà. Àpótí kan ni, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀, wọ́n da iyanrìn sí i, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná se oúnjẹ tí wọ́n sì ń yan ẹja lójú omi. Láti ayébáyé, orí igi ìtẹ́lẹ̀ méjì ni wọ́n máa ń gbé e lé, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, ẹja pọ̀ lójú omi, àyè kò sì gba gbogbo rẹ̀. Ajímúdà ló kọ́kọ́ yọ ìtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ dànù, ó gbé ààrò lé pátákó ìdí ọkọ̀ gbalaja, ó fi wá àyè agbọ̀n ẹja méjì sí i. Nígbà tí àwọn yòókù rí bí ẹja rẹ̀ ti pọ̀ tó, wọ́n ṣe bí ó ti ṣe. Ìtẹ́lẹ̀ Oríyọmí méjèèjì wà nílẹ̀ lórí iyanrìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Máfimíṣẹ̀bi gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wọn, ó ń juwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

Ó di ọjọ́ kẹta. Ayéwùnmí ń fọ aṣọ lórí pátákó ẹ̀yìn ilé, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Oríyọmí, nínú ààrò ta ni ẹ lọ kúnlẹ̀ sí? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fọ èédú yìí lórúnkún ṣòkòtò yín, kò gbọ́."

Ọkọ rẹ̀ ní òun kò kúnlẹ̀ sínú ààrò ẹnikẹ́ni, inú ọkọ̀ Ajímúdà nìkan ni òun kúnlẹ̀ sí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àwọn náà wá ń dáná sórí pátákó ni?"

Ẹ̀fẹ̀ ni obìnrin náà ń ṣe. Ó tún ti ki aṣọ bọ omi nígbà tí ọkọ rẹ̀ dìde wá. Máfimíṣẹ̀bi gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń ro lára rẹ̀. Èérún èédú kan há sí ojú rírán níbi orúnkún, kò ju èékánná lọ. Ó gbé e sójú, ó yí i sí oòrùn. Igi ẹ̀gbà inú irà ni àwọn apẹja fi ń dáná, ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Máfimíṣẹ̀bi sì ti ń wo inú igi. Ojú igi tó wà lára èédú yìí kì í ṣe ti ẹ̀gbà. Ọ̀gànwó ni. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi dáná ló jó, ọkọ̀ ló jó.

Lẹ́yìn èyí ló rántí igi méjì tó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wọn lórí iyanrìn.

Wọ́n ní kò wọ bàtà, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ ibi tó ń lọ. Ó dé ibi òkú ọkọ̀ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé etí rẹ̀, kò mì. Ẹni kan kì í dojú ọkọ̀ òkun dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn ọkùnrin ti lọ sójú omi, àwọn tó kù wà nídìí àwọ̀n lọ́nà jíjìn. Àgọ́ tó súnmọ́ ibẹ̀ jù lọ ni èyí tó ti ń gba ẹ̀yìn ilé yẹra fún láti ọdún mẹ́ta. Akíntìmẹ́yìn jókòó síbẹ̀ láàárín àwọn igi tí kò lè gbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

"Akíntìmẹ́yìn."

"Ọ̀gá mi."

"Dìde. Wá bá mi dojú ọkọ̀ rẹ dé."

Ọmọkùnrin náà wò ó. Ó ní, "Òní ni ẹ wá fẹ́ dojú rẹ̀ dé?"

"Ọmọ mi wà lójú òkun."

Wọ́n fi igbá kó iyanrìn, wọ́n fi ọ̀pá gún abẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n forí tì í, wọ́n fàyà tì í títí ó fi yí. Akíntìmẹ́yìn dúró, ó ní kí ọ̀gá òun wọlé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Máfimíṣẹ̀bi ní rárá, kí àwọn méjèèjì jọ wọlé.

Wọ́n rá wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n jókòó. Òkùnkùn biribiri. Máfimíṣẹ̀bi kọ́kọ́ wo iwájú, níbi tó ti fa irun àgbọn yọ. Oòrùn kò yọ níbẹ̀ rárá. Ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúró digbí. Ṣùgbọ́n láàárín gan-an, níbi tí ààrò ń wà, ihò kan wà tó tó orí ọmọ ọwọ́, etí rẹ̀ dúdú yíká bí ẹnu ìkòkò, ìmọ́lẹ̀ sì gba ibẹ̀ wọlé tààrà, ó bọ́ sórí orúnkún rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí á purọ́ mọ́ òkú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì kan ojú ìpàdé pátákó lókè orí, ó rí i pé abẹ́rẹ́ kò lè wọ ibẹ̀, owú sì tún bù ú jẹ níbẹ̀, lábẹ́ ọkọ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lójú agbami.

"Ààrò ni," Akíntìmẹ́yìn wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ààrò ni. Wọ́n yọ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ó ń jó o díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó wá ku bébà, ìgbì wá ta á nípàá."

"Ọkọ̀ mélòó ló ti yọ ìtẹ́lẹ̀?"

"Gbogbo wọn."

Wọ́n sáré dé ilé Baálẹ̀. Àwọn àgbà kan wà ní ìjókòó, Ajímúdà náà wà níbẹ̀. Máfimíṣẹ̀bi fẹ́ rọra gbé ọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ pé nǹkan tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lára ọkọ̀ náà, pé kí wọ́n tètè rán ọkọ̀ lọ pe àwọn apẹja padà. Ó ṣàlàyé ààrò, ó ṣàlàyé ihò. Bí ó ti ń ṣàlàyé ni Ajímúdà ń rọra jókòó sílẹ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ yọ ìtẹ́lẹ̀.

Baálẹ̀ ti ń dìde láti ránṣẹ́. Ó dúró, ó kọjú sí Olùyẹ̀kọ̀.

"Ihò yìí, ṣé lẹ́yìn ọjọ́ tí o yẹ̀ ẹ́ wò ló lu ni?"

"Rárá, Baálẹ̀."

"O kúnlẹ̀ sórí rẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀ sórí rẹ̀."

"Ojú rẹ ń dùn ọ́ ni?"

Akíntìmẹ́yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó rọrùn fún Máfimíṣẹ̀bi láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, pé àgbà ti dé, ojú ti ń ṣú. Wọn ì bá gbà á gbọ́, wọn ì bá tilẹ̀ káàánú rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, èyí tó jáde kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ojú mi dá ṣáká, Baálẹ̀. Ojú òjòwú ni kì í rí ihò ìdí ọkọ̀."

Baálẹ̀ wọ yàrá, ó gbé àáké jáde, kò gbé e fún Akíntìmẹ́yìn. Máfimíṣẹ̀bi ló gbé e lé lọ́wọ́, òun ló sì ní láti gbé e fún ọmọkùnrin náà.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù ní èbúté tó lè sáré bá àwọn apẹja. Ọkọ̀ Baálẹ̀ ni, iṣẹ́ ọwọ́ Akíntìmẹ́yìn. Akíntìmẹ́yìn fúnra rẹ̀ ló di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ọkùnrin mẹ́ta bá a wọ̀ ọ́. Máfimíṣẹ̀bi fẹ́ wọ̀ ọ́, wọ́n ní ìwúwo rẹ̀ yóò fa àwọn sẹ́yìn. Ó dúró sétí òkun. Ayéwùnmí wá bá a níbẹ̀, wọ́n jókòó. Obìnrin náà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dé, ó sì ti pinnu láti má sọ ọ́ títí yóò fi mọ̀ bóyá ìyá ọmọ ni òun ṣì jẹ́.

Oòrùn ti ń wọlẹ̀ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó yọ. Èkejì tẹ̀lé e, ẹ̀kẹta, títí wọ́n fi di mẹ́fà, wọ́n ti da ààrò wọn sómi. Ọkọ̀ keje, èyí tí Máfimíṣẹ̀bi kan fún ọmọ rẹ̀, kò yọ. Máfimíṣẹ̀bi dìde dúró. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí imú ọkọ̀ Baálẹ̀ lókèèrè, ó gbé sókè bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ rì jù. Ènìyàn mẹ́rin ló gbé lọ. Nígbà tó súnmọ́lé, Ayéwùnmí kà wọ́n, wọ́n pé mẹ́sàn-án. Ìgbà náà ló tó sunkún.

Láti ọ̀sán ni omi ti gba ìdí ọkọ̀ Oríyọmí wọlé. Wọ́n fi àwọ̀n dí i, ọ̀kan nínú wọn tó sanra, tí wọ́n ń pè ní Gbọ̀ngbọ̀n, jókòó lé àwọ̀n náà lórí, àwọn yòókù ń gbọ́n omi. Gbọ̀ngbọ̀n sọ ọ́ káàkiri títí ó fi kú pé ìdí òun ni gbogbo ìdílé Máfimíṣẹ̀bi ń jẹ ní gbèsè. Bí ọkọ̀ Baálẹ̀ ṣe kó wọn tán ni tiwọn rì.

"Bàbá," Oríyọmí ké láti inú ọkọ̀, "ọkọ̀ yín ti lọ."

Máfimíṣẹ̀bi ti wọ omi dé ìbàdí. Ó dì mọ́ imú ọkọ̀ Akíntìmẹ́yìn láti bá wọn fà á gòkè. Ọwọ́ rẹ̀ tún wá ibi tó rí págunpàgun tí yóò dì mú, kò rí i, ó fà á bẹ́ẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ ọjà, kò sí àáké tí òkun gbà. Baálẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Máfimíṣẹ̀bi irú ìyà tó tọ́ sí Olùyẹ̀kọ̀ tí kò yẹ ọkọ̀ wò. Ó ní kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n sì fi kún òfin pé Olùyẹ̀kọ̀ kò gbọdọ̀ dá wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn máa bá a wọ̀ ọ́, kí àwọn méjèèjì jọ máa wòkè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é di bí a ti ń wí yìí. Ayéwùnmí bi í léèrè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù bóyá owú náà ti lọ. Ó ní kò lọ, ṣùgbọ́n òun ti mọ ibi tó ń sùn sí, òun kì í sì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ṣòkòtò náà ńkọ́? Èédú rẹ̀ kò kúrò. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi gbó.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí wọ́n fẹ́ fi orogún ṣe adájọ́ orogún, tàbí tí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìtẹ̀síwájú ẹnì kejì rẹ̀ bá ní òun ti rí àṣìṣe ẹni náà kíákíá, kó tó kó iyanrìn, kó tó dojú ọkọ̀ dé, tí àgbà kan sì mi orí tó ní "ojú òjòwú kì í rí ihò ìdí ọkọ̀," ohun tó ń sọ nìyí: pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò wò ó, tàbí kí ẹni náà lọ wo orúnkún ṣòkòtò ara rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Nítorí bí ó bá ṣi ẹ̀bi gbé, ihò wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹni tí yóò sì wọ ọkọ̀ tó kàn, ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀.